Bàbá Mi Ló Wa Ọkọ̀ Tí A Fi Sá Lọ

Kí n tó sọ bí a ṣe sá lọ, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí à ń sá fún. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kọ ọkọ fún mi. Bàbá mi fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ràn mi débi pé wọ́n ti wọn àyà àti ìbàdí mi, wọ́n ti rán búbá fún mi, kí ọmọ wọn tó rí ìgboyà dẹnu ìfẹ́ kọ mi. Ìgbéyàwó gan-an ni à ń sá fún.

Ilé iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ìkẹjà ni a ti pàdé. Ìdí ẹ̀rọ tó ń di bisikíìtì sínú ọ̀rá ni mo wà. Òun ni ó ń tún àwọn ẹ̀rọ ṣe. Ìgbà sáàpù ni, ètò àtúnṣe ọrọ̀ ajé. Àwọn ológun tó ń ṣèjọba ní kí a fara dà á, gbogbo ohun tó bá ti òkè òkun wá sì ti di ọ̀wọ́n gógó. Bí irin kan bá ṣẹ́ nínú ẹ̀rọ, kò sí pé à ń retí òmíràn láti ìlú òyìnbó mọ́. Ẹnjiníà á gbé e lọ sí Agége, sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, wọ́n á gbẹ́ ìkejì rẹ̀ fún un. Ẹnjiníà ni gbogbo wa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ló lọ. Tó bá wá ń to irin náà padà, á ní kí n bá òun mú tọ́ọ̀ṣì. Mo bá a mú tọ́ọ̀ṣì títí ó fi di ìfẹ́.

Ìyá mi ti kú láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré. Bàbá mi nìkan ló tọ́ mi dàgbà, nílé wa ní Ọgbà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Dópẹ̀mú, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré sì ni wọ́n. Ẹnjiníà ní tirẹ̀ kò ní bàbá láyé mọ́. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń ránṣọ ní Agége, ló kù fún un. Àgbà ni ìyá náà nínú ìjọ aláṣọ funfun kan, àwọn tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti gbé aṣọ àdúrà wọ̀.

Ọjọ́ tí àwọn ẹbí méjèèjì wá mọ ara wọn, gbogbo nǹkan lọ wẹ́rẹ́ títí a fi jẹun tán. Ìgbà náà ni bàbá mi nu ọwọ́, tí wọ́n ní, "Ìyá Ọkọ, ó kù ká sọ̀rọ̀ yìgì. Mọ́ṣáláṣí wa tóbi, ó gba èrò."

Ìyá Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá Ìyàwó, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ fún Ọlọ́run pé iwájú pẹpẹ ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí yóò ti gbé ìyàwó."

"Ẹ̀jẹ́ tiyín nìyẹn, mà."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Èmi ò bá yín jẹ́ ẹ."

Láti ọjọ́ náà ni ìpàdé ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ilé wa ní Ọgbà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀ ní Agége. Bàbá mi ní àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, àti gbogbo àwọn tó ń tajà ní Dópẹ̀mú. Ìyá rẹ̀ ní akọrin ìjọ ń bọ̀, àti àwọn ẹ̀ka ìjọ tó wà káàkiri. Bí bàbá mi bá fi màlúù kan kún un, ìyá rẹ̀ á fi àgọ́ kan kún un. Ìrẹsì ń wọ́n sí i lójoojúmọ́, ilé iṣẹ́ wa ti ń dín ọjọ́ tí a fi ń ṣiṣẹ́ kù, síbẹ̀ ìgbéyàwó náà ń wú bíi búrẹ́dì. Àwa tí a fẹ́ ṣègbéyàwó á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a ó máa pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún àwọn tó ń jà nítorí wa. Kò sí ẹni tó bi wá pé kí ni a fẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ni ó kọ́kọ́ bi mí. A jókòó sórí páálí nígbà ìsinmi, mo ń ráhùn, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Ìwọ, kí ni ìwọ fẹ́?"

Mo ní, "Mo fẹ́ ibi tó dákẹ́. Mo fẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ nígbà tó bá ń jẹ́jẹ̀ẹ́ fún mi."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ibi tí mo mọ̀ kò dákẹ́ o, ṣùgbọ́n ó dára. Ẹ wá sílé wa. Lẹ́bàá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, omi kan ń já bọ́ láti orí àpáta gíga. Igbó yí i ká, atẹ́gùn ibẹ̀ tutù bí ẹni ṣí fìríìjì. Bàbá mi jẹ́ tíṣà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì mọ àdúrà gbà. Ẹ wọ funfun, ẹ dúró lẹ́sẹ̀ omi, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún ara yín, kí ẹ wá jẹ iyán. Kí ló tún kù?"

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà délé fún Ẹnjiníà, tàbí kí n sọ pé mo gbé e dé ọ̀nà, nítorí ojú ọ̀nà ni a ti máa ń sọ̀rọ̀ wa. Tí a bá jáde níbi iṣẹ́, a máa ń fẹsẹ̀ rìn títí dé ojú irin ní Agége kó tó sìn mí wọ ọkọ̀ Ọgbà. Mo sọ ọ́ tán. Ó rìn díẹ̀, ó dúró, ó ní, "Ṣé omi náà tutù?"

"Ó tutù, wọ́n ní."

"Ká lọ."

Bí ètò ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. N kò gbádùn ohunkóhun tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ètò ìgbéyàwó àwọn òbí wa dà bí ẹrù tí a ń rù. Èyí dà bí ẹni ń gbìmọ̀ àtilọ jí máńgòrò ká. A ní àwa méjèèjì, ọ̀rẹ́ mi àti bàbá rẹ̀ nìkan ni yóò wà níbẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó, a ó lọ fọwọ́ sí i ní Ìkẹjà nígbà tí a bá dé. Oúnjẹ, ọ̀rẹ́ mi ní kí a má ṣe yọ ara wa lẹ́nu. Ẹran ìgbẹ́ kì í wọ́n nílé wọn. A ra páálí bisikíìtì fífọ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ ń tà fún àwa òṣìṣẹ́ ní ẹ̀dínwó, kí á má baà lọ lọ́wọ́ òfo. Mo ya kámẹ́rà lọ́wọ́ ẹnì kan níbi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n gbàgbé bàtà gogoro, nítorí àpáta ibẹ̀ ń yọ̀. Mo ra bàtà rọ́bà funfun.

Òrùka kò yọ wá lẹ́nu. Ẹnjiníà wá idẹ, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbẹ́ irin fún un, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi gbẹ́ òrùka méjì. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dán wọn. Nígbà tó kó wọn sí àtẹ́lẹwọ́ mi lẹ́bàá ojú irin, oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí wọn, wúrà wo ló kù?

Ti aṣọ ló fẹ́ tú àṣírí wa. Èmi fi tèmi fún aránṣọ kan ní Ọgbà, kò sí wàhálà. Òun náà gbé búbá àti ṣòkòtò tirẹ̀ lọ síbòmíràn, nítorí pé kò lè gbé e fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé e dé, ó fi ṣòkòtò náà kọ́ sára ìṣó nínú yàrá tó gbà nítòsí ilé ìyá rẹ̀, ìyá náà sì wọlé wá mú nǹkan.

"Ta ló rán ìránkúrán yìí?" ni wọ́n béèrè.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ni, mà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́."

Wọn ò béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣòkòtò náà ṣe. Ojú aránṣọ ni wọ́n fi wò ó. Wọ́n jókòó, wọ́n tú u láti ìdí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì tún un rán. Báyìí ni ìyá ọkọ mi ṣe fi ọwọ́ ara wọn rán ṣòkòtò tí ọmọ wọn fẹ́ wọ̀ sá lọ.

Bàbá mi ní tiwọn, mo sọ fún wọn pé ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ń ṣègbéyàwó ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, pé mo máa lọ bá wọn ṣe é ní Sátidé. Wọ́n ní kí n kí wọn. Mo sùn láàárọ̀ ọjọ́ ìsinmi tó ṣáájú rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí n kò fẹ́ kí èmi àti wọn jókòó kojú ara wa.

Sátidé náà, wọ́n kírun àárọ̀ tán, wọ́n bá mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì mi. Epo ọkọ̀ ṣọ̀wọ́n lákòókò yẹn. Àwọn awakọ̀ ń tò sílé epo tọ̀sán-tòru. Bàbá mi ní, "Wàá pẹ́ kí o tó rí ọkọ̀. Jẹ́ kí n gbé ọ dé gáréèjì." Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu. Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ Pijó wọn.

Ọjọ́ta ni èmi àti Ẹnjiníà ti fẹ́ pàdé. Nígbà tí a débẹ̀, èrò ló kún gáréèjì, kò sí ọkọ̀. Àwọn èèyàn jókòó sórí ẹrù wọn bí ẹni tó ti gbà pé ibẹ̀ làwọn ó máa gbé. Ibi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi lé bàbá mi padà sílé ni mo ti rí Ẹnjiníà. Ó dúró lẹ́bàá ọ̀pá iná, ó funfun láti orí dé ẹsẹ̀, ó gbé páálí bisikíìtì mọ́ àyà. Òun náà rí Pijó. Ó yára kọjú sí ògiri bí ẹni ń ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò sí ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

Bàbá mi wò ó títí. "Ṣé Ẹnjiníà kọ́ nìyẹn?"

"Òun ni, sà."

"Òun náà ń lọ síbi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó wọ funfun." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ náà wọ funfun. Ta ni ìyàwó?"

Mo wo bàtà rọ́bà ẹsẹ̀ mi. "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ni."

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Mo ń retí ariwo. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé sítíárìn, wọ́n ń wo iwájú. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ta ló máa fà ọ́ fún ọkọ níbẹ̀?"

"Bàbá ọ̀rẹ́ mi ni, sà. Tíṣà ni wọ́n tẹ́lẹ̀."

"Tíṣà." Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó fi nǹkan kíkan kan ahọ́n. Ohùn wọn wá lọ sílẹ̀. "Láti ìgbà tí ìyá ẹ ti fi ẹ́ sílẹ̀ fún mi ni mo ti ń ro ohun tí màá sọ lọ́jọ́ tí màá fà ọ́ fún ọkọ. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń wakọ̀, mo máa ń sọ ọ́ fún ara mi. Tíṣà tí n ò mọ̀ rí ló wá fẹ́ gba ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ mi lẹ́nu?"

Omijé ń bọ̀ lójú mi. Kí n tó nù ún, wọ́n ti yọ orí síta. "Ẹnjiníà! Fi ògiri yẹn sílẹ̀, wá wọlé!"

Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ nínú ọkọ̀ débi tí àyè gbà á dé. Bàbá mi tún tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n yí ọkọ̀ padà, wọ́n kọrí sí ọ̀nà Agége.

Mo ní, "Bàbá, ọ̀nà Ìbàdàn kọ́ nìyí."

"Mo mọ̀. Epo wà nínú táńkì, kẹ́ẹ̀gì epo wà nínú búùtù, màá gbé yín débi tí ẹ̀ ń sá lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin yẹn ò ní sọ láéláé pé mo jí ọmọ òun gbé."

Ìyá Ẹnjiníà wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn nígbà tí a dé. Bàbá mi kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, wọ́n ní, "Ìyá Ọkọ, àwọn ọmọ wa ń sá lọ lónìí. Mo ní kí n wá gbé yín, ká jọ bá wọn sá."

Ìyá náà wò mí, wọ́n wo ọmọ wọn, ojú wọn sì bọ́ sára ṣòkòtò. Wọ́n pariwo. "Ṣòkòtò tí mo rán!" Wọ́n lu tábìlì ẹ̀rọ náà, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. Wọ́n wọlé lọ. A dúró níta bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ti wọ aṣọ àdúrà, wọ́n gba ọ̀já funfun mọ́dìí, Bíbélì wà lábíyá, ẹsẹ̀ lásán sì ni wọ́n.

"Ẹ jókòó síwájú, mà," ni bàbá mi wí. "Àgbà ni yín."

Ẹ̀yìn ni èmi àti Ẹnjiníà jókòó sí, páálí bisikíìtì láàárín wa, bí ọmọ iléèwé tí wọ́n mú. Àwọn òbí wa méjèèjì ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ títí a fi jáde ní Èkó. Ibi tí àwọn sójà ti ń dá ọkọ̀ dúró, ọ̀kan yọjú sí wa, ó béèrè ibi tí à ń lọ. Bàbá mi ní ìgbéyàwó ni. Ó wo Bíbélì tó wà níwájú, ó wo tẹ̀sùbáà tí bàbá mi fi kọ́ sókè dígí, ó wo àwa méjèèjì lẹ́yìn, ó ní ìgbéyàwó ti ta ni. Ìyá Ẹnjiníà ní, "Ti àwọn olórí kunkun tó wà lẹ́yìn yẹn ni." Sójà náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí a máa lọ. Mo rí èjìká bàbá mi tó ń mì, wọ́n ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

A ti kọjá Ìbàdàn kí ìyá Ẹnjiníà tó bá bàbá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Bàbá Ìyàwó, irú èèyàn wo ni ìyá ọmọ yìí?"

Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ ìyá mi. N kò rò pé wọ́n máa dáhùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà gùn, ojú wọn sì wà níwájú, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó rọrùn. Wọ́n ní, "Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ariwo máa ń fọ́ ọ lórí. Nígbà tí a ṣe yìgì, ó ní kí n má pe èrò, n ò sì pe èrò. Ìwọ̀nba ẹbí ni, lábẹ́ igi ọ̀dàn ilé bàbá rẹ̀. Nígbà tó kú, àwọn èèyàn ní mi ò náwó lé e lórí nígbà tó wà láyé. Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lára mi. Mo ní ti ọmọ rẹ̀ ò ní rí bẹ́ẹ̀."

Ìyá Ẹnjiníà yíjú sí wọn. "Ṣé inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà?"

"Ìyá rẹ̀? Ó rẹ́rìn-ín títí ilẹ̀ fi ṣú."

"Ó tán nìyẹn," ni ìyá Ẹnjiníà wí. Mo fi ìka kan ọwọ́ Ẹnjiníà lórí páálí. N kò gbọ́ ohun tó tó bẹ́ẹ̀ nípa ìyá mi rí.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi rí iye èèyàn tó sọ̀kalẹ̀ nínú Pijó, ó kàn sáré padà wọlé lọ fi iṣu kún iṣu. Bàbá rẹ̀, ọkùnrin kúkúrú tó dé fìlà tó rí bí ìkòkò, ṣíwájú wa wọ inú igbó. A ti ń gbọ́ omi náà kí a tó rí i. Àwọn igi ga, ọ̀nà tutù, labalábá ń fò níwájú wa bí ẹni ń júwe ọ̀nà. Ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀ ni bàtà bàbá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Bàtà aláwọ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Ìyá Ẹnjiníà ń gun òkè lọ lẹ́sẹ̀ lásán bí ewúrẹ́.

"Bàbá Ìyàwó, ẹ bọ́ bàtà yẹn. Ọlọ́run ti mọ̀ pé ẹ ní bàtà."

Bàbá mi bọ́ ọ. Wọ́n ká ṣòkòtò sókè dé orúnkún. Ó tún ku ibi gíga kan, ìyá náà sì tú ọ̀já ìdí wọn, wọ́n na etí rẹ̀ kan sí bàbá mi, wọ́n fà wọ́n gòkè.

Omi náà! N kò tíì rí ohun tó jọ ọ́. Ó ń já bọ́ láti òkè funfun báláú, ó ń fọ́n sí wa lójú, aṣọ wa rin kí a tó dúró dáadáa. Ariwo rẹ̀ bo gbogbo nǹkan mọ́lẹ̀. Tíṣà la ẹnu, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi ń pariwo pé, "Ẹ sọ̀rọ̀ sókè!" Tíṣà wá fi ọwọ́ pe bàbá mi. Bàbá mi mú ọwọ́ mi, wọ́n gbé e sínú ọwọ́ Ẹnjiníà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó gùn. Mò ń wo ètè wọn, mo rí i pé ojú wọn ń pọ́n, n kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Lẹ́yìn ìgbà náà, mo bi wọ́n léraléra ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n á ní, "Mo ti sọ ọ́. Omi gbọ́, Ọlọ́run gbọ́."

Ẹnjiníà ní láti fi ẹnu kan etí mi kí ó tó lè jẹ́jẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà mo gbọ́ ọ, èmi nìkan. A wọ òrùka. Bàbá mi tẹ́ ọwọ́, wọ́n ka fátíhà. Ìyá rẹ̀ gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ń gba àdúrà tiwọn. Tíṣà náà ń gba tiwọn. Kò sí ẹni tó gbọ́ ti ẹnì kejì, gbogbo wa kàn ń ṣe àmín ni.

Iyán náà dùn, ẹran náà pọ̀. Fọ́tò tó dára jù nínú èyí tí a yà ni ti bàbá mi tí wọ́n jókòó lórí àpáta, bàtà lọ́wọ́, tí wọ́n ń jẹ bisikíìtì fífọ́.

A fọwọ́ sí ìwé ní Ìkẹjà nígbà tó yá, àwọn òbí wa méjèèjì sì jókòó tì wá. Ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú bínú, akọrin ìjọ náà bínú. Bàbá mi ní kí wọ́n wá jẹ sàárà, ìyá ọkọ mi ní kí wọ́n wá ṣe ìdúpẹ́, inú wọn sì rọ̀. Àǹtí bàbá mi kan nìkan ni kò kí mi títí mo fi bímọ.

Ohun kan wà tí a ò rántí ṣètò fún: ibi tí màá sùn lálẹ́ Sátidé tí a lọ sídìí omi. Bí a ṣe wọ Agége ni mo rántí pé gbogbo ẹrù mi wà ní Ọgbà. Bàbá mi ní, "Ilé ọkọ ẹ ni, ibo ló tún kù?" Wọ́n já wa sílẹ̀ níwájú ilé tí Ẹnjiníà gba yàrá kan sí, wọ́n sì yára wakọ̀ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ti di gbogbo aṣọ mi sínú àpótí, aṣọ tí wọn ò mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ká, wọ́n kàn rọ́ ọ síbẹ̀. Mo po tíì fún wọn. Wọ́n jókòó létí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wo yàrá náà yí ká, wọ́n wo òkè, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, páànù yín ń jò."

Ẹnjiníà lọ yá àkàbà. Mo mu tíì tèmi lẹ́nu ọ̀nà, mo ń gbọ́ wọn lókè òrùlé, tí wọ́n ń jiyàn lórí ibi tó yẹ kí ìṣó gbà.